Kọ́ọ̀kì, Rọ́bà tàbí Gọ́ọ̀mù: Yíyan Gáskẹ́ẹ̀tì fún Ìdérí Fáàfù Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹni tí ó bá ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ ní Ìlọrin, yálà Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá ni, tàbí Peugeot 504, tàbí Morris Minor, kò ní ṣàì mọ òórùn epo ẹ́ńjìnnì tí ó ń jóná lórí irin gbígbóná. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, etí ìdérí tí ó bo àwọn fáàfù (ọmọrí kéékèèké tí ó ń ṣí, tí ó sì ń pa ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti èéfín nínú ẹ́ńjìnnì), èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ni epo náà ti ń jò. Gáskẹ́ẹ̀tì tí a fi ń dí etí náà kò wọ́n, a kì í sì í sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí a tó pààrọ̀ rẹ̀, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi í kà á sí. Wọn a ra èyí tí ọlọ́jà bá kọ́kọ́ nà sí wọn, wọn a kun gọ́ọ̀mù yí i ká, wọn a dè é le dan-indan-in, epo a sì tún máa jò kí oṣù tó yí. Mo fẹ́ gbé oríṣi mẹ́rin tí ó wà lọ́jà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹni tí ó bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Taiwo Ìsàlẹ̀ lè mọ ohun tí yóò béèrè, kí ó sì mọ ìdí tí ó fi ń béèrè rẹ̀.

Ìjàpá ni n ó fi ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ti tóbi tó. Gbogbo epo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbà kò ju lítà 2.5 lọ, kò sì sí omi nínú rẹ̀ tí yóò máa tù ú lára. Afẹ́fẹ́ àti epo yẹn nìkan ni ó ń gba ooru kúrò lára irin. Ìdérí fáàfù rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, méjèèjì sì wà nísàlẹ̀, nítòsí páìpù tí ó ń gbé èéfín jáde. Ọkọ̀ tí ó bá gbéra ní Ìlọrin ní ọ̀sán gangan oṣù kẹta, tí ó gba Ìdófìàn àti Àjàṣẹ́ lọ sí Òmù-Àrán, tí epo sì ń kán lórí páìpù gbígbóná yẹn ní gbogbo ọ̀nà, ohun tí ó ń tù ú lára gan-an ni ó ń sọnù, ní àsìkò tí ó nílò rẹ̀ jù lọ.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ wò kí a tó ra gáskẹ́ẹ̀tì

Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun kò lè wo àrùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí a kọ́kọ́ fọ ara ẹ́ńjìnnì mọ́, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a bu pówdà ọmọdé díẹ̀ sí etí ìdérí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a wa ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì padà wá wò ó. Ojú ibi tí pówdà bá ti rin ni epo ti ń jáde. Mo ti rí ẹni tí ó pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì ìdérí lẹ́ẹ̀mẹta láàrin ọdún kan, tí ó sì jẹ́ pé òkè ni epo ti ń ṣàn wá, láti ẹnu ibi tí a ti ń rọ epo sínú ẹ́ńjìnnì.

Èkejì ni páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ni ó máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ kọjá lára pístìn, irin tí ó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, lọ sínú ikùn rẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Bí páìpù náà bá ti dí, ìyẹn ni pé ìdọ̀tí àti epo tí ó ti di ẹrẹ̀ ti kún inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò wá ọ̀nà mìíràn, etí ìdérí fáàfù sì ni ibi tí ó rọrùn fún un jù lọ láti fi agbára ti epo jáde. Kò sí gáskẹ́ẹ̀tì kan láyé tí yóò dúró níwájú irú ìtì bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ì báà jẹ́ èyí tí ó wọ́n jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀kẹta, tí mo kà sí pàtàkì ju gáskẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ lọ, ni ìdérí náà. Púpọ̀ nínú ìdérí ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ sí ìrísí àwo. Nígbà tí a bá ti ń dè é le jù láti ọdún dé ọdún, etí ihò tí nọ́ọ̀tì ń gbà wọlé á rì, àárín ihò kan sí èkejì á sì gbé sókè bí ọrun. Bí a bá gbé irú ìdérí bẹ́ẹ̀ ka orí gíláàsì tí ó tẹ́jú, tí a sì tan iná láti ẹ̀yìn, a ó rí i kedere pé ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àtúnṣe rẹ̀ kò nira: a ó gbé ojú etí náà lé pákó líle, a ó sì fi òòlù kékeré lu ibi tí ó rì jẹ́jẹ́ láti inú, a ó máa gbé e padà sórí gíláàsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní kọjá mọ́. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, tí ó kàn ń ra gáskẹ́ẹ̀tì tí ó nípọn sí i, owó rẹ̀ ni ó ń fi ṣòfò.

Kọ́ọ̀kì lásán

Èèpo igi ni kọ́ọ̀kì. Igi kan tí ó pọ̀ ní Pọtogí àti Sípéènì ni wọ́n ń bó o lára rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sí ara wọn, igi náà kì í sì í kú, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbẹ̀ wa náà ti máa ń bó èèpo igi fún egbòogi láì pa igi. Inú rẹ̀ kún fún àwọn ihò tínńtínní tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn, nítorí náà, bí a bá tẹ̀ ẹ́, ṣe ni ó ń sún kì, kì í sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí rọ́bà ti máa ń ṣe. Ìwà yìí ni ó mú un dára fún ìdérí irin pẹlẹbẹ tí kò tẹ́jú pátápátá, nítorí ó máa ń kún gegele àti kòtò kéékèèké láì nílò agbára púpọ̀ láti dè é.

Àbùkù rẹ̀ ni gbígbẹ. Kọ́ọ̀kì tí ó ti pẹ́ lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí oòrùn àti ọyẹ́ ti ń pa á láti oṣù kọkànlá, á ti sún kì tó bẹ́ẹ̀ tí ihò rẹ̀ kò ní bá ihò ìdérí mu mọ́, bí a bá sì fẹ́ fà á, á já lọ́wọ́ ẹni. Kí ẹ má ṣe jù ú nù kíákíá. Bí ó bá ti kúrú ṣùgbọ́n tí kò tíì là, a lè rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á fẹ̀ padà sí bí ó ti yẹ kí ó rí, lẹ́yìn èyí ni a ó nù ún gbẹ kí a tó lò ó. Èyí tí ó bá là nígbà tí a ṣẹ́ ẹ po díẹ̀ ni kí a dá padà fún ọlọ́jà. Ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni a ń lò ó: kọ́ọ̀kì tí epo àti ooru ti gbà kọjá kì í padà sípò nígbà tí a bá tún ìdérí ṣí.

Kọ́ọ̀kì tí a pò mọ́ rọ́bà

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, nítorí àwọ̀ méjèèjì jọra. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé àwọn hóró kọ́ọ̀kì wà láàrin ohun dúdú tí ó so wọ́n pọ̀; rọ́bà ni ohun dúdú náà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ po, kì í dún, kì í sì í là. Kò ní sún kì bí ti àkọ́kọ́ nígbà ọyẹ́, ó sì máa ń gba ìdè ju kọ́ọ̀kì lásán lọ kí ó tó já. Ó ṣì rọ̀ tó láti bá ìdérí tí ó ní àbùkù kékeré mu. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ni kí òun rà láìjẹ́ pé mo rí ọkọ̀ rẹ̀, èyí ni n ó dárúkọ.

Rọ́bà

Rọ́bà pín sí ọ̀nà méjì lọ́jà wa. Dúdú ni ti àkọ́kọ́, tí a ń pè ní nitrile, ó bá epo rẹ́ dáadáa, ó sì ń fara da ooru dé nǹkan bí 100 sí 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èkejì ni sílíkóònù, tí ó sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ búlúù, pupa tàbí ọsàn, tí ó sì ń fara da ooru tí ó ju 200 lọ. Nítorí ooru yìí ni àwọn ọlọ́jà ṣe máa ń yìn ín, òótọ́ sì ni ìyìn náà, ṣùgbọ́n etí ìdérí fáàfù kì í sábà gbóná tó iye yẹn, nítorí náà kì í ṣe ooru nìkan ni kí a fi yàn án.

Ohun tí ó mú sílíkóònù dára ní tòótọ́ ni pé a lè ṣí ìdérí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí a sì tún lo gáskẹ́ẹ̀tì kan náà. Ẹni tí ó ń tún àlàfo fáàfù ṣe lemọ́lemọ́, ìyẹn àyè tínńtínní tí ó gbọ́dọ̀ wà láàrin fáàfù àti irin tí ó ń tì í, yóò mọyì èyí. Àwọn kan tí ó dára jù ní pẹlẹbẹ irin nínú, tàbí òrùka irin ní etí ihò kọ̀ọ̀kan, tí kò ní jẹ́ kí a lè tẹ̀ wọ́n kọjá ààlà bí ó ti wù kí a lágbára tó.

Ṣùgbọ́n rọ́bà kì í dárí ji ìdérí tí ó wọ́. Kò ní kún kòtò bí kọ́ọ̀kì. Ibi tí irin bá ti ga ni yóò ti fẹ̀ jáde, ibi tí irin bá ti rì ni epo yóò ti máa gbà. Ó tún máa ń yọ̀. Bí a bá fi gọ́ọ̀mù tútù tàbí epo sí ojú rẹ̀ méjèèjì kí a tó dè é, á máa sá jáde láti abẹ́ ìdérí bí a ti ń dè é sí i, títí apá kan rẹ̀ yóò fi yọ síta bí ahọ́n. Ìdérí alumíníọ́mù tí ó nípọn, tí ó sì tẹ́jú, ni ó bá a mu jù, tàbí irin pẹlẹbẹ tí a ti tún ṣe lórí gíláàsì bí mo ti sọ lókè.

Gọ́ọ̀mù nìkan, láìsí gáskẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni ó fẹ́ràn gọ́ọ̀mù inú tíúbù nítorí ó yá, ó sì wà níbi gbogbo. N kò kà á sí ohun búburú. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí ilé iṣẹ́ wọn fi irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ dí igun kan tàbí méjì, níbi tí irin méjì ti pàdé. Ohun tí mo lòdì sí ni kí a fi í rọ́pò gáskẹ́ẹ̀tì lórí ọkọ̀ tí a ṣe fún gáskẹ́ẹ̀tì.

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé èyí tí ó bá fún sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí a ń dè é máa ń gbẹ síbẹ̀, ó ń já bọ́, epo sì ń gbé e lọ sí ibi asẹ́ tí póńpù fi ń fa epo. Asẹ́ tí gọ́ọ̀mù dí lè pa ẹ́ńjìnnì, nígbà tí ó jẹ́ pé ìkán epo lásán ni a ní kí a dá dúró. Ìdí kejì ni àsìkò. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú kí gọ́ọ̀mù sílíkóònù le. Kì í ṣe oòrùn, kì í sì í ṣe ooru ẹ́ńjìnnì. Ní àkókò òjò, wákàtí 24 á tó o. Ní àkókò ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa ń là ní Ìlọrin nítorí gbígbẹ afẹ́fẹ́, ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ á ti gbẹ, inú rẹ̀ á sì tutù síbẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé kí a gbé ọkọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ṣe gọ́ọ̀mù náà dáadáa. Bí a bá fẹ́ rà á fún igun, kí a yẹra fún èyí tí ó ń rùn bí ọtí kíkan, nítorí omi kíkan tí ó ń jáde lára rẹ̀ máa ń jẹ irin. Èyí tí kò ní òórùn yẹn ni ó yẹ ara ẹ́ńjìnnì.

Ìdí kẹta kan Ìjàpá. Nǹkan bí 5,000 kìlómítà sí ara wọn ni a ń ṣí ìdérí rẹ̀ láti yẹ àlàfo fáàfù wò. Bàbá mi ní ọ̀kan ní Òmù-Àrán, mẹkáníìkì kan sì fi gọ́ọ̀mù kun ojú kọ́ọ̀kì méjèèjì. Nígbà tí ó tó àkókò láti ṣí i, a fi irin wú u títí etí ìdérí fi wọ́, a sì fi ọjọ́ kan gbáko ha gọ́ọ̀mù kúrò lára orí ẹ́ńjìnnì. Ó dùn mí gan-an, nítorí ìdérí tí ó ti wà lára ọkọ̀ náà láti ilé iṣẹ́ ni.

Ìdè náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀

Ọ̀nà tí ìdérí gbà ń dúró kò bára mu, ó sì yẹ kí ó wà lára ohun tí a fi ń yan gáskẹ́ẹ̀tì. Ti Ìjàpá kò ní bóòtì rárá; wáyà irin líle kan ni ó gbá a mọ́ra bí apá. Ìtì wáyà náà kì í yí padà, kò sí bí a ṣe lè dè é le jù, èyí sì ni kọ́ọ̀kì fi ń pẹ́ níbẹ̀. Bí wáyà bá ti rọ̀, kí a pààrọ̀ rẹ̀, kí a má fi gáskẹ́ẹ̀tì tí ó nípọn gbà á lẹ́nu. Àwọn kan máa ń bọ́ wáyà yìí sọnù, wọn a sì fi ìdérí alumíníọ́mù oníbóòtì rọ́pò rẹ̀ fún ẹwà. Mo ti rí díẹ̀ tí kò jò, mo sì ti rí púpọ̀ tí ó ń jò. Irin ìbílẹ̀ rẹ̀ ni mo fara mọ́.

Morris Minor tí ó ní ẹ́ńjìnnì A-Series, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi sí i láti ọdún 1952, ní nọ́ọ̀tì méjì péré lórí ìdérí, pẹ̀lú rọ́bà roboto lábẹ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 5 Nm (òṣùwọ̀n agbára ìdè) péré ni ìdè rẹ̀, ìyẹn ni ohun tí ọwọ́ ẹnì kan lè ṣe pẹ̀lú sípánà kúkúrú láì fún eyín pọ̀. Níbẹ̀, bí epo bá ń jáde lókè, kí a wo rọ́bà roboto yẹn kí a tó di ẹ̀bi ru gáskẹ́ẹ̀tì, nítorí ó máa ń le bí òkúta bí ó bá ti pẹ́.

Ní ti Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù rẹ̀ kò dúró ṣánṣán. Ó fì sí ẹ̀gbẹ́ ní ìdajì ọ̀nà sí ìdùbúlẹ̀. Epo á wá fẹ́ràn etí ìsàlẹ̀ ìdérí, ibẹ̀ sì ni kí a fi sùúrù tún ṣe jù lọ lórí gíláàsì.

Èwo ni kí a wá mú?

Fún Ìjàpá tí ó ní ìdérí àti wáyà ìbílẹ̀ rẹ̀, kọ́ọ̀kì tàbí kọ́ọ̀kì onírọ́bà ni. Kí a fi gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí nìkan, kí ó gbẹ pátápátá, kí a sì fi gírísì díẹ̀ pa ojú tí ó kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Nípa bẹ́ẹ̀, bí a bá ṣí i, gáskẹ́ẹ̀tì á bá ìdérí jáde ní odidi. Fún Morris Minor, kọ́ọ̀kì onírọ́bà ni mo yàn. Bí ìdérí rẹ̀ bá tẹ́jú gan-an, rọ́bà náà dára. Fún 504, n ó kọ́kọ́ wo ìdérí: bí ó bá yege lórí gíláàsì, n ó náwó sí rọ́bà tí ó dára, kí n sì sinmi, bí kò bá yege, kọ́ọ̀kì onírọ́bà ni, títí n ó fi rí àyè tún un ṣe. Ẹni tí ó bá ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó tún wà á, kí ó jìnnà sí kọ́ọ̀kì lásán, nítorí gáskẹ́ẹ̀tì tí epo kò kàn fún ìgbà pípẹ́ á gbẹ lójú ibi tí ó wà.

Nígbà tí a bá ń fi í sí i

Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Orí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá àti ti 504 jẹ́ alumíníọ́mù, irin tí ó rọ̀ ni, nítorí náà, igi tí a gbẹ́ létí tàbí ike líle ni kí a fi ha gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, kì í ṣe ọ̀bẹ; ti Morris Minor jẹ́ irin líle tí a dà, ó lè gba irin díẹ̀. Kí a fi aṣọ mímọ́ dí ojú ihò tí epo ń gbà sọ̀kalẹ̀ kí èérún má bàa wọlé, kí a sì rántí yọ aṣọ náà. Kí a fi sípíríìtì nu ojú méjèèjì títí aṣọ kò fi ní dúdú mọ́.

Bí ìdérí bá ní bóòtì púpọ̀, kí a kọ́kọ́ fi ìka yí gbogbo wọn dé ilẹ̀, kí a wá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí a máa fò láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì, díẹ̀díẹ̀, ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, dípò kí a de ọ̀kan tán kí a tó kan èkejì. Wáṣà tí ó gbòòrò lábẹ́ bóòtì kọ̀ọ̀kan máa ń pín ìtì náà kárí, kò sì ní jẹ́ kí etí ihò tún rì.

Lẹ́yìn èyí, kí a wa ọkọ̀ náà lọ sí Gánmọ̀, nítòsí Ìlọrin, kí a sì padà, kí a jẹ́ kí ó sun mọ́jú, kí a wá tún fi ọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní àárọ̀ nígbà tí ó ti tutù. Kọ́ọ̀kì á ti rẹlẹ̀ díẹ̀, nọ́ọ̀tì á sì gba ìlàrin ìyípo kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ti tó. Bí ó bá tún rin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí a má tún dè é sí i. Kí a tú u, kí a sì gbé ìdérí náà padà sórí gíláàsì.